Ìtọ́jú Ẹ́ńjìnnì Láńdírófà Àtijọ́ ní Ẹ̀yìnkùlé Ẹni

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni a ó rán lọ sí ìletò tí ọ̀dà kò tí ì dé ojú ọ̀nà rẹ̀, níbi tí ọkọ̀ kékeré ti ìgboro kì í lè kọjá nígbà òjò. Ní irú ibẹ̀, bí ọkọ̀ kan bá wà tí a lè gbójú lé, kì í ṣe ohun ìyanu bí ó bá jẹ́ Láńdírófà àtijọ́, èyí tí ìjọ, tàbí ilé ìwòsàn, tàbí baba àgbẹ̀ kan ti ń lò láti ìgbà pípẹ́. Òun ni yóò gbé aboyún tí ìrọbí rẹ̀ le lọ sọ́dọ̀ dókítà ní òru. Òun náà ni yóò kó ìwé àti iṣu wá sí ilé-ẹ̀kọ́. Mẹ́káníìkì tí ó mọ̀ ọ́n dunjú sì lè jìnnà tó 40 máìlì. Nítorí náà ni a ṣe rò pé kì yóò burú bí a bá fi ojú ewé díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn wa yìí ṣe àlàyé bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ti ń ṣiṣẹ́, àti bí ẹni tí ó ni ín, tàbí ẹni tí a fi í ṣọ́, ti lè máa tọ́jú rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀.

Àwọn kan lè béèrè pé, kí ni ó kan olùkọ́ nínú ọ̀rọ̀ ọ́ìlì àti sípánà? Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó lè kọ́ ọmọ ní ìṣirò ìdá kò ní ṣàìlè ka òṣùwọ̀n tí a fi ìdá ẹgbẹ̀rún íǹṣì ṣe. Ẹni tí ó sì mọ ìdí tí omi fi ń hó ti mọ ìdajì ohun tí a ní láti mọ̀ nípa rédíétọ̀. Nínú gbogbo ọkọ̀ tí a mọ̀, kò sí èyí tí ó dára tó o láti fi kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, nítorí kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú rẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni ojú lè rí, tí ọwọ́ sì lè tọ́.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀gbẹ́ni Maurice Wilks, ẹni tí ó jẹ́ àgbà nínú àwọn ẹlẹ́rọ iléeṣẹ́ Rover, ní oko kan ní erékùṣù Anglesey ní ilẹ̀ Wales, ọkọ̀ jíìpù tí ó kù lẹ́yìn ogun ni ó sì fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní ọdún 1947 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbèrò pé kí iléeṣẹ́ tirẹ̀ ṣe ọkọ̀ tí yóò wúlò fún àgbẹ̀ bí jíìpù náà, àbí kí ó sàn jù ú lọ. Ní ọjọ́ 30 oṣù April ọdún 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ fi Láńdírófà han gbogbo ayé ní ìlú Amsterdam. Irin pọ́njú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, nítorí náà ni wọ́n ṣe fi alumíníọ̀mù ṣe ara ọkọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe é títí. Bí a bá rí i tí ara rẹ̀ mọ́ rekete lẹ́yìn 50 ọdún, kí ó má ṣe tàn wá jẹ: irin gidi ni egungun abẹ́ rẹ̀, ìpata sì lè ti jẹ ẹ́ tán.

Oríṣi mẹ́ta ni àwọn ọkọ̀ àtijọ́ náà. Ti ìkíní bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ti ìkejì ní 1958, wọ́n tún un ṣe díẹ̀ ní 1961, ti ìkẹta sì bẹ̀rẹ̀ ní 1971 títí di 1985. Ẹ́ńjìnnì tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín ni ti bẹntiróòlù tí ó dé pẹ̀lú ìkejì, tí ìwọ̀n inú sílíńdà rẹ̀ jẹ́ 2,286 séǹtímítà oníkúbù. Ti dísù ní ìtàn tirẹ̀, a kò ní fi ọwọ́ kàn án.

Kí a tó tú ohunkóhun, ó yẹ kí a mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú irin náà. Sílíńdà mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀, wọ́n tò láti iwájú dé ẹ̀yìn, a sì ń ka ti iwájú sí ìkíní. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni písítìnì kan wà tí ń lọ sókè sódò bí ọmọ odó nínú odó. Ìrìn mẹ́rin ni písítìnì ń rìn kí iṣẹ́ kan tó parí. Ní ìrìn kìíní ó wálẹ̀, ó sì fa afẹ́fẹ́ tí a ti pò mọ́ epo wọlé. Ní ìrìn kejì ó gòkè, ó sì fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀ sí ibi tóóró. Nígbà náà ni pílọ́ọ̀gì ṣẹ́ná, tí afẹ́fẹ́ náà gbiná, tí ó sì ti písítìnì padà sílẹ̀ tipátipá: ìrìn kẹta nìyí, òun nìkan ṣoṣo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó ń mú èrè wá, àwọn yòókù ń jẹ nínú rẹ̀ ni. Ní ìrìn kẹrin ó tún gòkè, ó sì lé èéfín jáde. Fáàfù méjì ni ó wà ní òkè sílíńdà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún ìwọlé, ọ̀kan fún ìjáde, bí ìlẹ̀kùn méjì tí ó gbọ́dọ̀ tì pinpin nígbà tí iná bá ń jó nínú yàrá. Àwọn sílíńdà náà kì í gbiná lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í tẹ̀ lé ara wọn bí a ti kà wọ́n. Ìkíní ni yóò jó, lẹ́yìn náà ìkẹta, lẹ́yìn náà ìkẹrin, lẹ́yìn náà ìkejì. Ẹ jẹ́ kí a há 1, 3, 4, 2 yìí sórí, nítorí ẹni tí ó bá yọ wáyà pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ láì ṣe àmì sí wọn yóò nílò rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Láti inú àlàyé yìí a rí i pé ohun mẹ́ta ni ẹ́ńjìnnì kò lè ṣe aláìní: ìfúnpọ̀ tí ó le, iná tí ó ṣẹ́ ní àkókò rẹ̀, àti epo tí ó bá afẹ́fẹ́ mu. Bí ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò jí, ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí ni ó sọnù. Àwọn tí ń fi owó ṣòfò ni àwọn tí ń ra páàtì kí wọ́n tó béèrè èwo ni.

Ìfúnpọ̀ ni a ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. A kò nílò ẹ̀rọ kankan láti fi ṣe é, nítorí ọkọ̀ yìí ní ọ̀pá irin títẹ̀ kan tí a lè ki bọ iwájú rẹ̀ láti fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì. Kí a rí i pé ọkọ̀ kò sí nínú jíà. Kí a fa búréèkì ọwọ́. Kí a pa iná, kí a sì fi kọ́kọ́rọ́ sínú àpò ara wa. Lẹ́yìn èyí kí a máa yí ọ̀pá náà díẹ̀díẹ̀. Nínú ìyípo méjì, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọwọ́ wa yóò wúwo bí ẹni pé ohun kan ń ti ọ̀pá náà padà, tí yóò sì tún fúyẹ́. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wúwo bákan náà, ìròyìn ayọ̀ ni. Bí mẹ́ta bá wúwo tí ọ̀kan sì rọ̀, afẹ́fẹ́ ń jò jáde nínú sílíńdà kan. Láti mọ ibi tí ó ń jò gbà, kí a yọ pílọ́ọ̀gì sílíńdà náà, kí a kán ọ́ìlì bíi ṣíbí kékeré kan sí i, kí a dá pílọ́ọ̀gì padà, kí a tún yí i. Bí ó bá wúwo nísinsìnyí, àwọn òrùka ẹ̀gbẹ́ písítìnì ni ó ti jẹ, ọ́ìlì ni ó bá wọn dí àyè náà. Bí ó bá rọ̀ síbẹ̀, ó ṣeé ṣe jù pé fáàfù ni kò tì dáadáa. Ọ̀nà yìí kò ná wa ní kọ́bọ̀, síbẹ̀ ó ń sọ òtítọ́ ju ọ̀pọ̀ ẹnu lọ.

Ọ̀nà ìdìmú ọ̀pá náà ṣe pàtàkì púpọ̀. Àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú àwọn ìka yòókù, kí ó má ṣe yí ọ̀pá ká. Kí a máa fà á láti ìsàlẹ̀ wá sókè, kí a má ṣe máa tẹ̀ ẹ́ láti òkè sílẹ̀. Nígbà tí iná bá wà ní títàn tí a fẹ́ fi ọ̀pá jí ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì lè ta padà lójijì. Ẹni tí ó dì í mú bí a ti wí, ọ̀pá yóò kàn yọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi àtàǹpàkò yí i ká lè fi egungun ọwọ́ san án.

Ọ̀rọ̀ fáàfù mú wa dé orí tápẹ́ẹ̀tì, ohun tí ó rọrùn jù láti tọ́jú tí a sì ń gbàgbé jù. Ọ̀pá oníkókó kan wà nínú ẹ́ńjìnnì tí ń yí, àwọn kókó ara rẹ̀ ni ó ń ti apá irin kékeré mẹ́jọ tí wọ́n wà ní òkè, apá kọ̀ọ̀kan sì ń tẹ fáàfù kan láti ṣí i. Láàárín apá náà àti orí fáàfù, a gbọ́dọ̀ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé irin máa ń gùn sí i bí ó bá gbóná. Bí kò bá sí àyè, fáàfù tí ó ti gùn kò ní lè tì mọ́; iná yóò máa gba etí rẹ̀ jáde, yóò sì jó o bí a ti ń jó etí ìwé. Nínú ẹ́ńjìnnì yìí, ìwọ̀n àyè náà jẹ́ 0.010 íǹṣì, èyíinì ni 0.25 mìlímítà, bákan náà sì ni fún ti ìwọlé àti ti ìjáde. Ewé irin pẹlẹbẹ tí a kọ ìwọ̀n sí lára ni a fi ń wọ̀n ọ́n: ó gbọ́dọ̀ wọlé pẹ̀lú ìfàsẹ́yìn díẹ̀, kì í ṣe kí a fi agbára tì í, kì í sì í ṣe kí ó máa jó nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ti mọ̀ pé fáàfù kan wà ní títì pátápátá nígbà tí a bá ń wọ̀n ọ́n? Àwọn tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì náà fi ìṣirò dídùn kan sílẹ̀ fún wa, tí gbogbo olùkọ́ ìṣirò yóò fẹ́ràn. Kí a ka fáàfù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ láti iwájú, 1 títí dé 8. Kí a yí ẹ́ńjìnnì títí fáàfù kan yóò fi ṣí tán pátápátá. Kí a yọ nọ́ńbà rẹ̀ kúrò nínú 9. Èyí tí ó kù ni nọ́ńbà fáàfù tí a ó wọ̀n. Bí fáàfù 8 bá ṣí, a ó wọn 1. Bí 6 bá ṣí, a ó wọn 3. Bí 2 bá ṣí, a ó wọn 7. Kì í ṣe idán. Sílíńdà ìkíní àti ìkẹrin jìnnà sí ara wọn ní ìdajì iṣẹ́ gbogbo, bẹ́ẹ̀ náà ni ìkejì àti ìkẹta. Nítorí náà nígbà tí fáàfù ọ̀kan bá wà ní góńgó kókó, èkejì rẹ̀ wà ní ẹ̀yìn kókó tirẹ̀, níbi tí kò sí ohun tí ń tẹ̀ ẹ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń ṣiyèméjì ya àwòrán rẹ̀ wò.

Ìdí kan tún wà nísinsìnyí tí a kò fi gbọdọ̀ gbàgbé tápẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí wọ́n ṣe àwọn ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí, òjé wà nínú bẹntiróòlù. Òjé náà máa ń fi ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan bo ibi tí fáàfù ń jókòó sí, kì í jẹ́ kí irin lẹ̀ mọ́ irin. Ṣùgbọ́n májèlé ni òjé, ọpọlọ àwọn ọmọdé ni ó sì ń bà jẹ́ jù, nítorí náà ni gbogbo ayé ṣe kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí wọ́n wà ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà yọ ọ́ kúrò nínú epo ọkọ̀ wọn nígbà tí ọdún 2006 bẹ̀rẹ̀; Algeria ni ó kẹ́yìn ní gbogbo ayé, ní oṣù July ọdún 2021. Ohun rere ni, àwa kò sì ní fẹ́ kí ó padà nítorí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí a kò tíì fi ìjókòó líle sí, fáàfù ìjáde lè máa rì sínú irin orí ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀, pàápàá bí a bá ń fi eré sísá pọ́n ọn lójú. Bí ó ti ń rì ni ó ń gòkè bọ̀ lẹ́yìn, àyè 0.010 náà sì ń dínkù. Ọkọ̀ tí ó wà ní ọgbà wa fi èyí hàn wá. Ọ̀pá ìyí-ẹ́ńjìnnì sọ fún wa pé sílíńdà ìkẹta ti rọ̀. Nígbà tí a ṣí ìdérí òkè, ewé irin kò lè wọ abẹ́ apá fáàfù ìjáde rẹ̀ rárá. A ṣí àyè náà padà bí ó ti yẹ, agbára rẹ̀ sì padà lọ́jọ́ kan náà, nítorí pé a tètè rí i kí iná tó jẹ etí fáàfù. Láti ìgbà náà ni a ti ń wọ̀n wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan ní sáà ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Tápẹ́ẹ̀tì tí ń pariwo díẹ̀ kò bà wá lẹ́rù tó èyí tí ó dákẹ́ lójijì.

Nísinsìnyí a dé orí ọ̀rọ̀ omi, èyí tí ó ti pa ẹ́ńjìnnì ní ilẹ̀ wa ju ohunkóhun mìíràn lọ. Omi ń jáde láti ìsàlẹ̀ rédíétọ̀, ẹ̀rọ ìfami ń tì í yí àwọn sílíńdà ká, ó gòkè lọ sí orí ẹ́ńjìnnì, ó sì padà sí òkè rédíétọ̀ láti tutù. Ní ẹnu ọ̀nà òkè yìí ni tẹmósítáàtì wà, aṣọ́nà kékeré tí kì í ṣílẹ̀kùn títí omi yóò fi gbóná tó bí ó ti yẹ. Ó jẹ́ àṣà ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì wa láti yọ ọ́ dànù, wọ́n ní ilẹ̀ wa gbóná, kò wúlò. Àwa kò fara mọ́ èyí. Ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó ń jẹ epo púpọ̀, bẹntiróòlù tí kò jó tán sì ń ṣàn wọ inú ọ́ìlì. Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà àbùjá kan wà nínú ẹ́ńjìnnì yìí tí omi fi ń padà sínú ẹ́ńjìnnì láì dé rédíétọ̀ nígbà tí ó bá ṣì tutù. Tẹmósítáàtì ti àtètèkọ́ṣe ní agbada kan lára tí ń dí ọ̀nà náà bí ó bá ṣí. Ẹni tí ó bá yọ ọ́ kúrò ti ṣí ọ̀nà àbùjá sílẹ̀ títí láé, apá kan nínú omi gbígbóná kò sì ní tutù mọ́. Ẹni tí ó ń wá ìtutù ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ooru. Bí a bá ń ṣiyèméjì pé tẹmósítáàtì ti kú, kí a fi okùn so ó kọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná, kí a máa wò ó: nọ́ńbà ooru tí yóò fi ṣí wà ní títẹ̀ sára rẹ̀. Ìdáná ìyá wa tó fún àyẹ̀wò náà.

Omi kànga tí ó ní iyọ̀ òkúta nínú kò dára fún rédíétọ̀, nítorí ẹ̀pá tí ó ń fi sílẹ̀ nínú ìkòkò ni yóò fi sílẹ̀ nínú àwọn ọ̀nà tóóró náà. Omi òjò tí a gbè mọ́ sàn jù, bí a bá sì pò ó mọ́ oògùn rédíétọ̀ tí ń dènà ìpata, ó sàn jù lọ, nítorí irin ni ara ẹ́ńjìnnì náà àti orí rẹ̀, méjèèjì. Láti òde, koríko, kòkòrò àti ẹrẹ̀ máa ń dí ojú rédíétọ̀; ẹ̀yìn, níhà ti ẹ́ńjìnnì, ni kí a ti máa da omi sí i wá síwájú, kí ìdọ̀tí lè gba ibi tí ó gbà wọlé jáde. Kí a tẹ bẹ́líìtì fáànù wò pẹ̀lú àtàǹpàkò: kí ó rọ̀ díẹ̀, kí ó má ṣe rọ̀ bí okùn tí a sá aṣọ sí. Kí a fún àwọn họ́òsì wò pẹ̀lú. Èyí tí ó ti wú tàbí tí ó ti là ní etí kò yẹ kí ó rìnrìn àjò.

Ọkọ̀ ilé ìwòsàn kan wà tí a mọ̀, a kò ní sọ ibi tí ó wà. Họ́òsì ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń jò. Awakọ̀ rí i pé abẹ́rẹ́ ooru ti gòkè, ṣùgbọ́n ìlú kù díẹ̀, ó sì rò pé òun yóò dé ibẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ abẹ́rẹ́ náà wálẹ̀, ó sì dúpẹ́. Kò mọ̀ pé omi ti tán ni, pé ohun tí ń wọn ooru omi kò rí omi wọ̀n mọ́. Orí ẹ́ńjìnnì náà tẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì tí àwọn mẹ́káníìkì ń pè ní tọ́ọ̀pù sì jó. Oṣù márùn-ún ni ọkọ̀ náà fi dúró kí owó tó pé, ní oṣù márùn-ún yẹn orí alùpùpù ni wọ́n ń gbé àwọn aláìsàn kọjá odò. Owó họ́òsì tuntun kò tó owó adìẹ kan.

Nítorí náà bí abẹ́rẹ́ bá gòkè, kí a dúró, kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí a sì jókòó lábẹ́ igi. Kí a má ṣe ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ó gbóná: ìdérí náà ń há omi mọ́lé kí ó má baà tètè hó, bí a bá sì ṣí i lójijì, gbogbo rẹ̀ yóò hó lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì bó ojú àti àyà ẹni. Kí a má ṣe da omi tútù sínú irin gbígbóná pẹ̀lú. Ìkòkò amọ̀ nìkan kọ́ ni ó ń là. Lẹ́yìn tí ó bá tutù, kí a yọ ọ̀pá ìwọn-ọ́ìlì wò. Bí ọ́ìlì bá ti funfun tí ó sì ki bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀, ọkọ̀ náà kò sì gbọdọ̀ tún rìn fúnra rẹ̀ mọ́ títí a ó fi ṣí orí ẹ́ńjìnnì. Bákan náà ni bí afẹ́fẹ́ bá ń hó gùdùgùdù jáde nínú rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́.

Nípa ọ́ìlì, ọ̀rọ̀ wa kò pọ̀. Agbada ìsàlẹ̀ gba páíǹtì 11, bíi lítà mẹ́fà àti díẹ̀. Àgé ìsẹ́ ọ́ìlì tún gba páíǹtì kan àti ààbọ̀. Kí a wọ̀n ọ́n ní àárọ̀ lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Àwa ń pààrọ̀ rẹ̀ ní 3,000 máìlì, nítorí eruku ojú ọ̀nà wa; kí a sì tú u dànù nígbà tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ìdọ̀tí lè bá a jáde. Kí a má ṣe dà á sí ẹ̀bá odò tí àwọn ará ilé ti ń pọn omi.

Nígbà ọyẹ́, ohun tí ó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ ni kí a fi ojú sí. Nínú Láńdírófà yìí kì í ṣe pépà ni a fi ń sẹ́ ẹ, agbada ọ́ìlì kékeré kan ni: afẹ́fẹ́ yóò wọlé, yóò yí lójijì lórí ọ́ìlì, eruku tí ó wúwo kò ní lè yí bẹ́ẹ̀, yóò sì rì sínú rẹ̀. Ọgbọ́n tí ó dára ni, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ọ́ìlì mímọ́ tí ó dé ojú àmì. Bí a bá rí ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ agbada náà, kí a fọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò pọ̀ jù ní ojú ọ̀nà eléruku. Ohun tí ó bá kọjá níbẹ̀ yóò di yẹ̀pẹ̀ tí a fi ń ha písítìnì.

Ti iná ni ó kù. Bátìrì ń fi iná ránṣẹ́ sí kọ́ìlì; ohun kékeré kan tí a ń pè ní kọ́ńtáàtì, nínú dísítíríbútọ̀, ń já iná náà ní àkókò tí ó yẹ, ìjákù yìí ni ó sì sọ ọ́ di iná ńlá tí ó lè fò kọjá àlàfo pílọ́ọ̀gì. Nígbà tí kọ́ńtáàtì bá là tán, àlàfo rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 0.014 sí 0.016 íǹṣì nínú dísítíríbútọ̀ Lucas tí ó wà lára ọ̀pọ̀ wọn. Ti pílọ́ọ̀gì sì tó 0.030. Kí a nu inú ìdérí dísítíríbútọ̀ gbẹ lẹ́yìn tí a bá la odò kọjá. Kí a kíyè sí i pé nínú àwọn tí ó ti pẹ́ jù, ẹsẹ̀ bátìrì tí a fi àmì àròpọ̀ sí ni a so mọ́ ara ọkọ̀, nínú àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn ni èkejì. Kí ẹni tí ó bá ń fi bátìrì tuntun sí i wò ó kí ó tó so ó.

Epo ń ti inú táǹkì bọ̀ nípasẹ̀ ẹ̀rọ ìfapo kan tí ó ní ife gíláàsì lára àti apá kékeré tí a lè fi ọwọ́ fà. Bí a bá fà á tí ife náà kún, epo dé ibẹ̀. Bí omi àti ìdọ̀tí bá wà nísàlẹ̀ ife, a ti rí ẹlẹ́ṣẹ̀. Ìdérí kabúrétọ̀ Zenith tí ó wà lórí ọ̀pọ̀ wọn máa ń tẹ̀ bí a bá dè é le jù, afẹ́fẹ́ yóò sì máa gba ibẹ̀ wọlé. Pépà ìháṣọ̀rì tí a tẹ́ sórí gíláàsì ni a fi ń mú un tẹ́jú padà. Kí sìgá àti àtùpà jìnnà sí gbogbo iṣẹ́ yìí, kí a sì ti yọ wáyà bátìrì kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Bí èéfín bá dúdú, epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá ní àwọ̀ aró, ọ́ìlì ni ó ń jó. Bí ó bá funfun tí kò sì dẹ́kun lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, omi ni.

Ohun tí a kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe lábẹ́ igi máńgòrò ni gígé kíráńkì àti bíbu ojú sílíńdà. Àwọn ẹ̀rọ ńlá ni a fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n a lè mú wọn lọ fúnra wa, a sì lè ra páàtì wọn fúnra wa ní ọjà Ladípọ̀ ní Múṣin tàbí níbòmíràn. Kí a kọ́kọ́ kọ nọ́ńbà tí a tẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì náà sílẹ̀, nítorí títí di 1980 orí ìjókòó mẹ́ta ni kíráńkì ń yí, láti ọdún náà ó di márùn-ún, páàtì kíráńkì ti ọ̀kan kò sì lè wọ èkejì. Kí a mú páàtì àtijọ́ dání pẹ̀lú, kí a fi wé tuntun lójú ẹni tí ń tà á kí a tó san owó.